Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Àwo

Ní Wendell Fork, ìlú kékeré kan ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, wọn kì í tíì gbẹ́ sàréè tán kí oúnjẹ tó máa dé. Ọ̀dùnkún tí wọ́n fi wàrà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yan, ẹ̀wà dídùn, makaróni, jẹ́lì aláwọ̀ ewé tí wọ́n rin kárọ́ọ̀tì sí, èyí tí àwọn àgbà ń jẹ tí àwọn ọmọdé kì í fẹnu kàn láéláé. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á gbé àwo tirẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn àwọn Lutheran, yóò sì ti lẹ tépù pélébé mọ́ ìdí àwo náà, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára tépù, kí àwo lè mọ ọ̀nà ilé. Bí wọ́n bá jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n nu ojú nù, ta ló ń fọ gbogbo rẹ̀? Dorla Wiesner ni. Ọdún méjìlélógún gbáko ló fi dúró nídìí omi gbígbóná yẹn.

Ẹ gbọ́ èyí ná: Dorla kì í yí àwo wò! Àwọn obìnrin yòókù á máa dojú àwo délẹ̀ láti ka orúkọ, òun á kàn wò ó fìrí, á ní, "Ti Ardith nìyí. Ti ìyàwó oníbẹntiróòlù nìyẹn. Èyí tó sán létí yẹn, ti ìyá Gunder ni, ó ti sán láti ìgbà òkú bàbá wọn." Wọ́n dán an wò lọ́jọ́ ìkórè kan, wọ́n to àwo mẹ́rìndínlógójì sílẹ̀, ó sì dárúkọ àwọn tó ni ín láìṣì ẹyọ kan. Pásítọ̀ pàápàá pàtẹ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí gbogbo wọn mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ: a kì í yọ tépù lára àwo ẹlòmíràn. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti sọ pé àwo náà di tòun nìyẹn. Ní ìlú tí wọn kì í tilẹ̀kùn ilé, olè tó burú jù nìyẹn.

Dorla ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Emil ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì, ọmọ kan wà ní Denver, ọ̀kan ní Omaha. Ohun tó kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn ni fíìmù telifíṣọ̀n, àwọn tí wọ́n ń ṣe fún telifíṣọ̀n nìkan, tí wọn kì í gbé lọ sí sinimá, pàápàá èyí tó bá dá lórí ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi. Bí lẹ́tà funfun yẹn bá ti yọ lójú telifíṣọ̀n pé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, ara rẹ̀ á ti bù máṣọ. Kí ìpolówó àkọ́kọ́ tó dé, ó ti mọ apààyàn.

"Ọkọ ni," á wí fún Ardith lórí fóònù.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó ń fọ mọ́tò. Ọjọ́rú ni wọ́n wà. Ta ló ń fọ mọ́tò lọ́jọ́rú láìsí ohun tó fẹ́ fọ̀ dànù?"

Ardith Bohlen ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Ó ga, ó tinrín, kò sì gba nǹkan kan gbọ́ àfi tó bá fojú ara rẹ̀ rí i.

Ó wá di Oṣù Kẹwàá ọdún 1991, àwọn mọ́tò ńláńlá funfun mẹ́jọ wọ Wendell Fork. Fíìmù telifíṣọ̀n ni! Ọ̀rọ̀ Marva Hruska ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Marva yìí, ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ló po májèlé òkété mọ́ kọfí ọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ń ta irúgbìn àgbàdo. Ó sin ín, ó sọkún, ó jókòó ní ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn, ó jẹ oúnjẹ gbogbo ìyá ìjọ tán pátápátá, ó tún bu sí i. Ọjọ́ kẹjọ ni ọlọ́pàá kó ọwọ́ rẹ̀ sínú irin. Ẹ̀wọ̀n gbére ló ń ṣe lọ́wọ́.

Ọjọ́ méjìdínlógún péré ni wọ́n ní láti ya fíìmù náà. Wọ́n sì ti yí gbogbo orúkọ padà: Marva di Janet, ọkọ di Ray, Wendell Fork gan-an di ìlú mìíràn. Lọ́yà kan ní Los Angeles, tí kò sẹ́ni tó rí ojú rẹ̀ rí, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù, ló pàṣẹ pé orúkọ ẹ̀dá alààyè kankan kò gbọdọ̀ hàn: kì í báà ṣe lára àpótí lẹ́tà, kì í báà ṣe lára àpò irúgbìn, kì í báà ṣe lára òkúta sàréè.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, obìnrin kúkúrú kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí Dorla wà. Roz Pellman lorúkọ rẹ̀. Òun ni olórí àwọn tó ń wá ẹrù eré: ohunkóhun tí òṣèré bá fọwọ́ kàn, láti orí ìbọn dórí ṣíbí, Roz ló wá a. Ó gbé páálí kan kalẹ̀, ó ṣí i. Àwo méjìlá ló wà níbẹ̀, funfun balau, gbogbo wọn jọra bí ìbejì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "tábìlì ìsìnkú ni mo fẹ́ tò ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé báyìí ló máa ń rí níbí?"

Dorla wo inú páálí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òkú ta ni? Òkú Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì?"

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n bára mu jù. Ọmọ mi, àwo ìsìnkú kì í bára mu. Gbé èyí sórí tábìlì, kí gbogbo Nebraska dìde lórí àga kí wọ́n ní irọ́ ni."

Roz dẹ́kun ṣingọ́ọ̀mù jíjẹ. "Mélòó lẹ lè bá mi rí?"

"Mélòó lo fẹ́?"

Bí Dorla ṣe ríṣẹ́ nìyẹn, àfi bí àlá! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbogbo ilé tí wọ́n ń lò tò. Ó yọ kàlẹ́ńdà olólógbò kúrò ní ilé ìdáná, ó fi èyí tí ilé iṣẹ́ ọkà ń pín kọ́ síbẹ̀. Ó kó bàtà ẹrọ̀fọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà iwájú lọ sẹ́yìn. "Àwọn òṣèré yín ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé," ó wí fún Gil olùdarí, baba arúgbó onírùngbọ̀n kan. "Pásítọ̀ àti àwọn tó ń ta Bíbélì nìkan ló ń gba ibẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba ẹ̀yìn." Gil yí eré padà lójú ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Roz pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, a ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní Kansas. Mo nílò ẹnìkejì, ẹni tí yóò máa bá mi kiri láti fíìmù dé fíìmù. Ọmọbìnrin kan wà ní Los Angeles tó ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ yìí. Bí tábìlì Ọjọ́bọ̀ bá lọ geere, ẹ̀yin ni mo mú. Bó bá wọ́, òun ni. Ó yé yín?"

"Ó yé mi yékéyéké."

Ẹ wò ó, ó wù ú dé inú eegun. Láyé rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yàn án fún nǹkan kan rí. Emil fẹ́ ẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Emil fúnra rẹ̀ kì í fi bò pé ẹ̀gbọ́n Dorla lòun kọ́kọ́ bi léèrè. Ní ti iṣẹ́ àwo fífọ̀, kò sẹ́ni tó fà á kalẹ̀ fún un. Ọjọ́ kan ló dúró nídìí omi, kò sì sẹ́ni tó ní kó kúrò. Ìsinsìnyí ni ẹnì kan wò ó lójú tó ní ìwọ, tàbí ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́rú, òun àti Ardith ń kó àwọn àwo tí àwọn ìyá ìjọ fi sílẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìjọsìn. Àwọn ìyá ìjọ ti gbà láti se oúnjẹ gidi sínú wọn.

"Ṣé ìwọ ò ní yọ tépù wọ̀nyí ni?" Ardith bi í. "Wọ́n ní orúkọ kankan ò gbọdọ̀ hàn."

"Kí n yọ tépù lára àwo alàwo? Ṣé olè ni mí?"

"Roz ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi."

"Roz ò mọ̀ ọ́n. Ardith, ta ló ń ya ìdí àwo? Ojú oúnjẹ ni wọ́n ń yà."

"Ó dáa. Yí wọn wò ná, ó kéré tán, kó o mọ orúkọ tó wà níbẹ̀."

"Ṣé o máa ń yí àwọn ọmọ rẹ wò kó o tó mọ orúkọ wọn?"

"Àwọn ọmọ tèmi ò gbé nínú kọ́bọ́ọ̀dù," Ardith wí, ó gbé páálí kan, ó bá ọ̀nà mọ́tò lọ.

Dorla na ọwọ́ sẹ́yìn pátápátá, ó fa àwo kan jáde, èyí tó ní òdòdó búlúù yíká etí. Ti Ardith. Ó gbé e lé orí ìyókù láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ilé ìdáná ilé tí wọ́n yá fún eré náà kún fún iná, fún wáyà, fún òórùn ọ̀dùnkún yíyan. Àwo mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí tábìlì, kò sí méjì tó jọra, gbogbo rẹ̀ sì ń wò yín lójú bí ará ilé! Celeste Varnham, òṣèrébìnrin tó ń ṣe Janet, gba ẹ̀yìn wọlé nínú aṣọ dúdú. Ohun tí ìwé eré sọ ni pé kó wo oúnjẹ kó sọkún. Ó sọkún lẹ́ẹ̀kíní, ó sọkún lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sọkún mọ́. Ó sọ áńkáṣíìfù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo olódòdó búlúù sókè, sókè, títí dé imú, ó fa òórùn rẹ̀ símú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Irun Dorla dìde lọ́rùn. Bí Marva ṣe ṣe lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn!

"Ó tó!" Gil pariwo. "Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé. Roz wo Dorla láti òdìkejì yàrá, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan pé ó dára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Celeste wọ bàálù lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn ní Toronto, fíìmù tí wọ́n yà náà sì wọ bàálù tirẹ̀ lọ sí Los Angeles.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán ò tíì pọ́n, fóònù ilé náà dún. Nígbà tí Dorla wọlé, Roz ló di fóònù mú, kò sì sí ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "M. Hruska yìí, ṣé Marva yẹn gan-an ni?"

"Ta ló ń béèrè?"

"Lọ́yà ni. Kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ nígbà tí Celeste gbé àwo sókè. Ó ya ìdí rẹ̀. Orúkọ náà kún ojú telifíṣọ̀n láti etí dé etí."

Àwo náà wà lórí tábìlì. Dorla lọ bá a, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe láti ọdún méjìlélógún: ó yí i. HRUSKA, M., bírò búlúù, lẹ́tà rogodo bíi ti olùkọ́.

Kì í ṣe ti Ardith! Ní 1974, ilé ìtajà kan ń fún àwọn oníbàárà ní irú àwo olódòdó búlúù yìí, ọ̀kan fún ìdílé kan. Ti Ardith wà nílé Ardith. Ti Marva ti wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún márùn-ún, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá àwo padà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Dorla sì ti fọ ọ́ rí.

"Mo ní kẹ́ ẹ yọ tépù," Roz wí. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù.

"O wí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, má bá ẹlòmíràn wí."

"Ẹ ní ẹ mọ gbogbo wọn lójú."

"Mo mọ ọgbọ̀n. Mo ṣi ọ̀kan mọ̀."

Gil wọlé, wọ́n rò fún un, ó sì di irùngbọ̀n rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. "A ò lè gé e kúrò. Gbogbo eré wà nínú àwo yẹn. Celeste ti lọ. Aago márùn-ún òní, onílé ń gba ilé rẹ̀."

"Pẹ̀lú orúkọ yẹn, kò ní jáde lórí telifíṣọ̀n," lọ́yà wí láti inú fóònù, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ.

Roz ti ń wo ibòmíràn, bí ẹni tó ń ronú kan ọmọbìnrin Los Angeles. Dorla rí i. Dípò kó sọkún, ó fa àga kan, ó jókòó.

"Gil, ẹ dá mi lóhùn. Ojú Celeste tó ń rẹ́rìn-ín, ṣé ẹ yà á lọ́tọ̀?"

"A yà á lọ́tọ̀. Àwo ò hàn nínú ìyẹn."

"Ibi tó ti na ọwọ́ mú àwo ńkọ́?"

"Ìyẹn náà mọ́."

"Ìdí àwo nìkan ló bàjẹ́ nígbà náà. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ya ọwọ́ àti ìdí àwo nìkan, kẹ́ ẹ fi í sáàárín. Kí tépù wà níbẹ̀, kí orúkọ mìíràn wà lára rẹ̀."

"Kí ló dé tí tépù gbọ́dọ̀ wà?" Roz bi í.

"Nítorí pé àwo ìsìnkú tí kò ní orúkọ, irọ́ ni. Gbogbo ìyá tó ń wòran ló mọ̀. Àti pé obìnrin yẹn ń gbádùn oúnjẹ ẹnì kan, Roz. Ẹni tó káàánú rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n rí orúkọ ẹni náà."

Gil jọ̀wọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọlọ́run ò. Ó sàn ju ti àná lọ."

"Orúkọ wo?" lọ́yà béèrè. "Orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ ní Nebraska o. Ìwé fóònù wà níwájú mi."

"Sorensen," Roz sọ.

"Wọ́n kún inú ìwé bí eèrà."

"Vondra."

"Mọ́kànlá."

"Ẹ lo Smith," Gil wí.

"Smith? Ṣé orí yín pé?"

Báyìí ni wọ́n ṣe, orúkọ lé orúkọ, aago ń lọ. Gbogbo orúkọ tó bá dún bí ti ará Nebraska, ará Nebraska kan ti ń jẹ́ ẹ. Èyí tí kò bá sì sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, ó dún bí orúkọ oògùn. Nígbà tó di aago méjì, Dorla gba fóònù lọ́wọ́ Roz.

"Wiesner," ó wí.

"Ó wà," lọ́yà dáhùn.

"Mo mọ̀ pé ó wà. Èmi ni. Dorla Wiesner. Mi ò pa ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ gbé ìwé tí àwọn ará ìlú ń fọwọ́ sí kẹ́ ẹ tó ya ojú wọn wá, mo fọwọ́ sí i."

Lọ́yà tún bi í: "D. Wiesner mìíràn wà ní Nebraska?"

"Èmi nìkan ni ẹ ó rí níbẹ̀."

Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. "Ìyá, ẹ fọwọ́ sí i, kí wọ́n fi faksi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ ṣé."

Roz mú tépù Marva létí, ó fẹ́ fà á. Dorla di ọwọ́ rẹ̀ mú gbọn-in.

"Èyí kọ́."

"Màmá! Apààyàn ló ni ín!"

"Apààyàn náà ló ni ín. Mo mọ ibi tí ìbejì rẹ̀ wà."

Ó pe Ardith. "Mo fẹ́ yá àwo olódòdó búlúù rẹ, mo sì fẹ́ gbàṣẹ láti yọ tépù rẹ̀."

"Kí ló ṣe èyí tó o mú?"

"Ti Marva ni."

Ẹ̀rín tó ti inú fóònù jáde pẹ́ kó tó tán. "Orúkọ àwọn ọmọ mi ni Kurt àti Lorene," Ardith wí, "bóyá wàá nílò rẹ̀. Mò ń gbé e bọ̀."

Ardith gbé àwo dé. Dorla gé tépù tuntun, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i bó ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo ìsìnkú. Ó wá ku ọwọ́. Ọwọ́ ta ni? Gbogbo wọn wo ara wọn. Ọwọ́ Roz kún fún àpá iná, ọwọ́ ẹni tó ń kun òṣèré ní àtíkè gùn jù.

"Ọwọ́ tèmi rèé," Dorla wí.

Oníkámẹ́rà tẹ́ ẹ sábẹ́ iná. "Ọwọ́ Celeste dán bíi búrẹ́dì tí wọn ò tíì yan. Èyí…"

"Ìyàwó ará oko ni Janet," Gil já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọwọ́ tó yẹ kí n wá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ fún un ní òrùka."

Òrùka ò gba oríkèé ìka rẹ̀. Ọṣẹ ni wọ́n fi tì í wọlé. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ dúdú, kámẹ́rà kúnlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, Dorla gbé àwo fìrìfìrì.

"Màmá, ẹ ò kó àwo kúrò nílẹ̀ o," Gil wí. "Ẹ pa ọkọ yín ni. Ebi sì ń pa yín."

Dorla mí kanlẹ̀. Ó rántí ìsàlẹ̀ ilé ìjọsìn, Marva lórí àga onírin, ṣíbí ń lọ ṣíbí ń bọ̀, àwọn ìyá ìjọ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ń bu makaróni kún un. Ó gbé àwo náà sókè díẹ̀díẹ̀, bí ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni. Orúkọ rẹ̀ jáde sínú ìmọ́lẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé lẹ́tà kan.

Oníkámẹ́rà ní, "Yéè," lábẹ́ ẹnu.

"Ó tó," Gil wí. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Onílé dé, ó bá wọn tí wọ́n ń ká wáyà. Ní ẹ̀yìnkùlé, Roz ń ti páálí sínú mọ́tò, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Dorla fi ọṣẹ yọ òrùka, ó dá a padà sínú àpótí rẹ̀, ó lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Kansas ńkọ́?"

Roz ti páálí kan sí i. "Mo ní bí Ọjọ́bọ̀ bá lọ geere. Kò lọ geere."

"Kò lọ geere."

"Ọmọbìnrin Los Angeles yẹn, lọ́yà ò pariwo mọ́ ọn rí."

"Ṣé lọ́yà ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí?"

Roz wò ó. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ṣingọ́ọ̀mù kan jáde, ó jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọ inú mọ́tò lọ, ó mú ìwé eré kan tó nípọn jáde, ó jù ú sí Dorla láyà.

"Lọ́jọ́ tí mo bá ní kẹ́ ẹ yọ nǹkan, ẹ máa yọ ọ́."

"Bí mo bá rò pé kò yẹ ní yíyọ, ojú rẹ ni màá ti sọ ọ́. Mi ò ní dákẹ́ kí n fi í sílẹ̀ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló dáa." Roz tún gbé páálí. "Ó ti tó ogún ọdún tó ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ kan ni, arákùnrin rẹ̀ pa á. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, ní Salina. Ẹ wá pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù."

Dorla jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí, ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ ò kúrò lórí ìwé. Ó ka ojú kan, ó ka méjì. Ní ojú ìwé kẹrin, ó fa ìlà.

"Roz!"

"Kí ni?"

"Wọ́n pa ọkùnrin yìí ní Oṣù Kẹwàá, ó sì wà lórí ẹ̀rọ, ó ń kórè àlìkámà."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Oṣù Kẹfà ni wọ́n ń kórè àlìkámà ní Kansas. Ta ló kọ èyí? Ṣé ẹni náà ti fojú kan oko rí?"

Roz dúró pẹ̀lú páálí láyà. Ó bú ẹni tó kọ ọ́, ó bú ìyá ẹni náà, ó sì gbé páálí kalẹ̀.

"Onílé!" ó pariwo sínú ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù yẹn, mo fẹ́ pe ẹni tó kọ ìwé eré yìí!"